Ta Ló Máa Mú Màmá Àgbà Jáde?

Ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo ilé ń pè ní Kílódé.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ títí dalẹ́ ló máa ń béèrè pé, "Kí ló dé?" Òjò rọ̀, kí ló dé? Ológbò sín, kí ló dé? Nígbà tó sú wọn, wọ́n kúkú sọ ọ́ di Kílódé.

Bí ìyá rẹ̀ bá yọjú lójú fèrèsé tó pè é pé, "Kílódé o!" aládùúgbò wọn á dáhùn láti òdìkejì ògiri pé, "Kò sí nǹkan o."

Kílódé ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Eyín rẹ̀ méjì ti yọ kúrò níwájú. Ó ní bàtà òjò aláwọ̀ ewé. Ó sì ní Màmá Àgbà.

Màmá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Aránṣọ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní yàrá iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Kẹrẹ kẹrẹ kẹrẹ, ni ẹ̀rọ náà máa ń dún.

Abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ni Kílódé máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ló ti máa ń ṣa bọ́tìnì tó bá já bọ́. Kò sí ibi tó fẹ́ràn tó ibẹ̀ láyé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì.

Màmá Àgbà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó nu ẹnu. Ó ní, "Mo ti pinnu. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, màá ṣèrìbọmi."

Bàbá fò dìde, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá Kílódé pàtẹ́wọ́, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ni omijé bá bọ́ lójú rẹ̀.

Kílódé wo bàbá. Ó wo ìyá. Ó wo Màmá Àgbà.

Orí rẹ̀ dàrú.

Ìrìbọmi? Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?

Ó gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, bó ṣe ń gé búrẹ́dì. Ìrì. Bọ. Omi.

Ìrì ni omi tín-ín-tìn-ìn-tín tó máa ń wà lórí koríko láàárọ̀. Ṣé ìrì ni Màmá fẹ́ lọ dà sínú omi? Ìyẹn kọ́ ló lè mú ìyá ẹni sunkún.

Ó tún un gé. Rì. Bọ. Omi.

Rì. Kílódé mọ rì dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò ìṣeré rẹ̀ pupa rì sínú gọ́tà tó kún fún omi òjò. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò rí mọ́tò náà mọ́.

Búrẹ́dì dúró lẹ́nu Kílódé.

Ṣé Màmá Àgbà fẹ́ lọ rì ni? Kí ló wá dé tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́?

Ó fẹ́ béèrè. Ṣùgbọ́n gbogbo àgbà ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohùn kékeré.

*

Kílódé lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó gbé básíà kalẹ̀, ó bu omi sí i. Ṣọ̀ọ̀.

Ó ju ewé sínú omi. Ṣé ó rì? Kò rì. Ewé léfòó.

Ó ju ìdérí ìgò sínú omi. Ṣé ó rì? Kò rì. Ó ń jó lójú omi ni.

Ó ju bọ́tìnì sínú omi. Tíń. Ṣé ó rì? Ó rì.

Ó ju ṣíbí sínú omi. Gbúlú! Ṣé ó rì? Ó rì kíákíá.

Kílódé wo ṣíbí nísàlẹ̀ básíà. Ó dúró dè é kó jáde. Ó kà á dé ogún. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ṣíbí, jọ̀ọ́, jáde." Ṣíbí ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ló bá ti ọwọ́ bọ omi, ó mú un jáde fúnra rẹ̀. Apá aṣọ rẹ̀ tutù dé ìgúnpá.

Ohun tó fúyẹ́, kì í rì. Ohun tó wúwo, rírì ló máa rì. Ìyẹn yé Kílódé.

Màmá Àgbà wá ńkọ́?

Ó sáré wọlé. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá Màmá mú níbàdí, ó fẹ́ gbé e. Ó gbé e, gbé e, gbé e, ojú rẹ̀ pọ́n. Màmá ò tilẹ̀ mì.

Màmá béèrè pé kí ni wọ́n ń gbé báyìí láàárọ̀ yìí. Kílódé ní kò sí nǹkan.

Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti já. Màmá wúwo. Màmá wúwo ju ṣíbí lọ fíìfíì.

*

Ẹ̀rọ omi tó bá bàjẹ́ ni bàbá Kílódé máa ń tún ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, síǹkì ilé ìdáná wọn gan-an ló ń jò. Tó, tó, tó. Bàbá ti ki orí bọ abẹ́ síǹkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta.

Kílódé jókòó ti ẹsẹ̀ náà.

"Bàbá, ṣé inú omi ni Màmá máa wọ̀ lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni," ni ẹsẹ̀ náà wí.

"Gbogbo ara wọn?"

"Gbogbo ara, àtorí àtẹsẹ̀. Tí irun kan bá ṣẹ́kù síta, wọn ò tíì ṣe é nìyẹn. Bá mi mú sípánà yẹn wá."

Kílódé mú sípánà wá. Sípánà wúwo. Ó mọ̀ pé á rì, bíi ti ṣíbí.

"Ta ló máa bu omi yẹn kún?"

"Èmi náà ni." Inú ẹsẹ̀ náà dùn gan-an. "Màá lọ tún ẹ̀rọ adágún ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ní Sátidé. Màá bu omi kún un dáadáa, kó dé Màmá láyà."

Orí Kílódé wá dàrú pátápátá, bí òwú tí ológbò ti fi ṣeré. Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa bu omi náà? Fún ìyá tó bí i lọ́mọ?

*

Ọjọ́ Ẹtì dé. Kẹrẹ kẹrẹ kẹrẹ. Màmá Àgbà ń rán aṣọ funfun kan, ó gùn, ó sì fẹ̀.

Kílódé béèrè pé aṣọ ta nìyẹn. Màmá ní tòun ni, òun lòun máa fi ṣèrìbọmi.

Màmá ṣí agolo kan. Ó kó irin jáde nínú rẹ̀. Irin kéékèèké ni wọ́n, wọ́n pẹlẹbẹ bíi bísíkíìtì. Ẹyọ mẹ́fà ni.

Ó ki irin kan sínú ìṣẹ́tí aṣọ, nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì rán an mọ́bẹ̀. Ó ki òmíràn sí i. Ó rán an mọ́bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é yí aṣọ náà po.

Kílódé yọ orí jáde lábẹ́ tábìlì. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ń fi irin sí aṣọ?"

Píìnì kún ẹnu Màmá. Ó sọ̀rọ̀ láàárín eyín. Ó ní, "Kí ó má baà léfòó ni. Irin yìí ló máa fà á wálẹ̀."

Kẹrẹ kẹrẹ kẹrẹ.

Léfòó! Kílódé mọ léfòó. Ewé ló ń léfòó. Ìdérí ìgò ló ń léfòó. Ohun tó léfòó kì í sọnù. Kí ló dé tí Màmá ò fẹ́ léfòó?

Kó, kó, kó. Oníbàárà ń kan ilẹ̀kùn. Màmá mú téèpù rẹ̀, ó lọ wọn oníbàárà náà ní pálọ̀.

Aṣọ funfun dá wà lórí àga.

Kílódé wò ó. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó mú sìsọ́ọ̀sì kékeré.

Ó já òwú, ó yọ irin kan. Ó já òwú, ó yọ irin méjì. Ó yọ ọ́ títí irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi jáde. Ó kó wọn sínú bàtà òjò rẹ̀. Gbì, gbì, gbì.

Ó wá mú ìdérí ìgò mẹ́fà, ó kì wọ́n sí ibi tí irin wà tẹ́lẹ̀. Màmá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ránṣọ. Ó rán ìṣẹ́tí náà padà. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn bí ìka, ó sì wọ́ síbí, ó wọ́ sọ́hùn-ún.

Inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ tún bà jẹ́. Kò fọwọ́ kan iṣẹ́ Màmá láìgbàṣẹ rí.

Ó kúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó di ojú. Ó ní, "Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá Àgbà rì. Àmín."

Ó la ojú kan. Nǹkan kan ti sọ sí i lọ́kàn.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni omi yẹn wà. Ilé Ọlọ́run sì ni ṣọ́ọ̀ṣì. Àbí Ọlọ́run gan-an ló ní kí Màmá wá rì? Kò mọ̀ bóyá ẹni tó yẹ kí òun bẹ̀ lòun ń bẹ̀ yìí.

*

Ní ọ̀sán Sátidé, Màmá wọ aṣọ náà kó wò ó bóyá ó gùn tó. Ó yíra sọ́tùn-ún. Ó yíra sósì.

Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ni aṣọ dún.

Màmá dúró. Irin kì í dún báyẹn.

Ó tún yíra. Ká! Ìdérí ìgò kan já bọ́, ó yí gbirigbiri wọ abẹ́ tábìlì. Ó lọ kan Kílódé lẹ́sẹ̀.

Màmá gbé ìṣẹ́tí aṣọ sókè, ó wo ojú abẹ́rẹ́ tó gùn, tó wọ́. Aránṣọ ni Màmá. Ó mọ ẹni tó rán aṣọ kan bó bá ti rí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

"Kílódé," ni Màmá pè. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

Ni Kílódé bá bú sẹ́kún. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kí ẹ rì."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ewé tó léfòó. Ó sọ ti ṣíbí tí kò jáde. Ó sọ ti mọ́tò pupa tó wà nínú gọ́tà, àti ti Bàbá tó fẹ́ bu omi kún un fún ìyá tó bí i lọ́mọ.

Ẹ̀rín gbọn ẹnu Màmá. Ṣùgbọ́n Màmá gbé e mì, kò rín in.

Ó wọ abẹ́ tábìlì tọ Kílódé lọ, tòun taṣọ funfun. Orúnkún rẹ̀ dún kẹ́, kẹ́. Ó jókòó sílẹ̀.

Ó ní ìrìbọmi kì í ṣe pé kéèyàn rì kó má jáde mọ́. Pásítọ̀ á ri òun bọ omi, á sì gbé òun jáde kíá. Ó ní ó yẹ kí àwọn ti sọ fún Kílódé láti Ọjọ́bọ̀. Ti irin yẹn, aṣọ nìkan ló máa fà wálẹ̀, kó má baà léfòó sókè lójú omi níwájú gbogbo ìjọ.

Kílódé nu imú. "Ẹ̀rù ò wá bà yín?"

Màmá fi ìka nu omijé kúrò lójú Kílódé.

"Ó ń bà mí," ló wí. "Nígbà tí mo kéré bíi tìẹ, mo já sódò. Omi bò mí lórí. Aládùúgbò wa kan ló fà mí jáde. Láti ọjọ́ yẹn, omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo fi ń wẹ̀."

Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Kílódé mọ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti gba Jésù gbọ́," ni Màmá ń bá a lọ. "Mò ń gbàdúrà, mò ń kọrin. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pe àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi, màá ní aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀. Kì í ṣe aṣọ, ọmọ mi. Ẹ̀rù ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ ṣe é báyìí?"

"Torí mo fẹ́ràn Jésù ju bí mo ṣe ń bẹ̀rù omi lọ."

Kílódé rò ó. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Apá kan yé e, apá kan ò yé e. Ìbéèrè kan ṣì wà níbẹ̀ tí kò kúrò.

"Màmá, ṣíbí mi ò dá jáde. Ọwọ́ mi ló mú un jáde. Ṣé ọwọ́ Pásítọ̀ lágbára tó láti mú yín jáde?"

Ó hàn lójú Màmá pé òun náà ti ń ro nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀.

"Wọ bàtà rẹ," ló wí. "Ká lọ wo ọwọ́ náà."

Kílódé yí bàtà òjò rẹ̀ dà. Irin tú jáde. Ó kà wọ́n fún Màmá. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún.

Ó di ẹ̀kẹfà mọ́wọ́. Ó ní èyí ò lọ ibì kankan, ó dìgbà tí òun bá rí ọwọ́ náà.

*

Omi ò tíì sí nínú adágún ìrìbọmi nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì. Adágún náà tó yàrá kékeré kan. Ó ní táìlì búlúù, ó sì ní àtẹ̀gùn mẹ́ta tó sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀.

Bàbá wà nídìí páìpù. Pásítọ̀ wà nísàlẹ̀, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ táìlì. Fọ́ṣọ́, fọ́ṣọ́, fọ́ṣọ́.

Kílódé kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Pásítọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí ọwọ́ yín."

Pásítọ̀ wo Màmá. Màmá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Pásítọ̀ nu ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, ó sì na méjèèjì síwájú.

Kílódé wo ẹ̀yìn ọwọ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí Pásítọ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi yẹn.

Pásítọ̀ gbé e.

Ó ní kí Pásítọ̀ gbé báàgì irinṣẹ́ Bàbá, tó kún fún sípánà.

Pásítọ̀ mí kanlẹ̀. Ó gbé e.

Ó ní kí Pásítọ̀ wá gbé Bàbá.

Pásítọ̀ wo Bàbá. Bàbá rọra sún sẹ́yìn. Pásítọ̀ ní ó dìgbà tí omi bá wà níbẹ̀, torí omi máa ń bá èèyàn gbé ẹrù. Ó ní nínú omi, kò sí ẹni tí òun ò lè gbé.

"Ẹ ò ní gbàgbé wọn sísàlẹ̀?"

"Mi ò gbàgbé ẹnikẹ́ni rí," ni Pásítọ̀ wí. "Tó o bá ti ka ení, èjì, wọ́n ti jáde."

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn jẹ́ kí wọ́n dúró síta?"

Pásítọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, kí ojú rẹ̀ lè bá ti Kílódé dọ́gba.

Ó ní Jésù kú, wọ́n sì gbé e lọ sínú ibojì, wọ́n yí òkúta ńlá dí ẹnu rẹ̀. Gbogbo èèyàn ti rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, Ọlọ́run jí i, ó sì jáde.

"Tí Màmá bá wọ inú omi yìí," ló wí, "wọ́n ń sọ fún gbogbo wa pé ti Jésù làwọn. Ibi tó lọ, àwọn bá a lọ. Bó ṣe jáde, àwọn náà bá a jáde."

"Ọwọ́ ta wá ló ń mú wọn jáde? Ṣé tiyín ni, àbí ti Ọlọ́run?"

"Méjèèjì."

Méjèèjì kẹ̀? Kílódé wo ọwọ́ Pásítọ̀. Méjì péré ló rí.

Orí rẹ̀ tún dàrú. Ṣùgbọ́n dídàrú yìí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kò dun èèyàn láyà.

"Màmá, ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi díẹ̀," ni Màmá wí. "Èyí tó kù, mo ṣì ń bá a lọ."

Kílódé la ọwọ́. Irin kẹfà ti gbóná nínú rẹ̀. Ó fi lé Màmá lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, àwọn méjèèjì jọ rán aṣọ náà. Kílódé ń ki irin bọ inú ìṣẹ́tí, Màmá ń rán an. Kẹrẹ kẹrẹ kẹrẹ.

*

Ọjọ́ Ìsinmi dé.

Omi ti kún inú adágún, ó ń dán yanran. Bàbá dúró nídìí páìpù rẹ̀, tòun ti kóòtù. Gbogbo ìjọ ń kọrin. Àga iwájú ni Kílódé àti ìyá rẹ̀ jókòó sí. Táwẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà lọ́wọ́ Kílódé, òun ni wọ́n gbé e fún.

Màmá Àgbà jáde wá nínú aṣọ funfun. Pásítọ̀ ti wà nínú omi, ó ń dúró dè é.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn kìíní. Omi kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ìkejì. Omi kan orúnkún rẹ̀.

Ó dúró.

Pásítọ̀ na ọwọ́ sí i. Màmá ò gba ọwọ́ náà. Irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ló dì mú.

Orin parí. Kò sẹ́ni tó dá òmíràn. Ẹnì kan wúkọ́. Bàbá ti tẹrí ba, ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà ló ń gbà.

Kílódé wo ẹsẹ̀ Màmá tí kò kúrò lójú kan. Ó mọ ohun tó ń ṣe Màmá. Odò ọjọ́sí ni.

Ó lè sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Màmá á gbọ́ tirẹ̀. Á jáde, kò sì ní rì láéláé. Ohun tí Kílódé fẹ́ láti Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.

Àbí ohun tó fẹ́ kọ́ nìyẹn mọ́? Kò mọ̀. Ohun kan wà tí Màmá fẹ́, ohun kan sì wà tí Màmá ń bẹ̀rù, méjèèjì sì wà nínú omi kan náà.

Ó dìde. Ó gbé táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ sí etí adágún.

"Màmá," ló wí. "Mo ti yẹ ọwọ́ wọn wò. Ó lágbára."

Màmá yíjú sí i. "Ó dá ọ lójú?"

"Wọ́n gbé báàgì irinṣẹ́ Bàbá."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Màmá náà wá rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ sì tú kúrò lára irin àtẹ̀gùn.

Ó di ọwọ́ Pásítọ̀ mú. Ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ìkẹta, ó sì tẹ ìsàlẹ̀ adágún. Omi dé e láyà.

Aṣọ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, kò léfòó.

"Ní orúkọ Baba," ni Pásítọ̀ wí, "àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́."

Gbúlú!

Màmá ò sí lójú omi mọ́.

"Ení," ni Kílódé kà.

Kò sí ení tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Kílódé wo ọwọ́ Pásítọ̀. Ó wò ó, kò ṣẹ́jú.

"Èjì."

Ṣọ̀ọ̀ọ̀!

Màmá jáde. Omi ń dà lórí rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, omi ń dà létí rẹ̀. Ó mí. Ó la ojú. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tí Kílódé ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Gbogbo ìjọ bú sórin.

Kílódé tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì. Màmá gun àtẹ̀gùn wá, ó sì wọ inú rẹ̀. Ó gbá Kílódé mọ́ra, aṣọ Kílódé náà rin gbingbin.

"Ẹ ti jáde," ni Kílódé wí.

"Mo ti jáde."

"Kí lẹ rí nísàlẹ̀?"

Màmá fi etí táwẹ́ẹ̀lì nu ojú. "Mi ò rí nǹkan kan. Mo ṣáà mọ̀ pé wọ́n dì mí mú."

Kílódé fẹ́ béèrè pé ta ló dì wọ́n mú, ṣé ọwọ́ méjì ni àbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ojú Màmá ń dán, ó sì pinnu pé òun á béèrè ìyẹn tó bá dọ̀la.

*

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n tún jókòó, wọ́n jẹ búrẹ́dì. Kílódé ní òun ní ẹjọ́ kan.

Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ nǹkan yẹn ò pé. Wọ́n fi rírì sí i, wọ́n fi omi sí i, wọn ò fi jíjáde sí i. Ó ní ìyẹn ló da òun lórí rú. Ó yẹ kí wọ́n máa pè é ní ìrìbọmi-jádelómi.

Bàbá gbìyànjú láti pè é kíákíá. Ahọ́n rẹ̀ kọ́. Ìyá gbìyànjú, tirẹ̀ náà kọ́.

Màmá Àgbà rọra pè é, ó sì pè é dáadáa. Láti ọjọ́ náà lọ, bí oníbàárà bá béèrè ìgbà tó ṣèrìbọmi, Màmá á ní, "Ìrìbọmi-jádelómi ni tèmi."

Kílódé lọ sí ẹ̀yìn ilé. Básíà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tòun tomi. Ó ju ṣíbí sí i.

Gbúlú!

Ó kà á. "Ení. Èjì."

Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó sì mú ṣíbí jáde. Omi ń kán lára rẹ̀. Ó ń dán.

Aládùúgbò gbọ́ ariwo omi láti òdìkejì ògiri. Ó yọjú.

"Kílódé," ló pè, "kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan o," ni Kílódé wí. "Màmá Àgbà ti jáde."